Orúkọ Ìyá Olúṣínà

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, Ọmọ́wùmí ti pa irọ́ mẹ́wàá fún ọkọ rẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn. Kì í ṣe pé obìnrin náà jẹ́ onírọ́ tẹ́lẹ̀ o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Òkè-Ìrókò, wọ́n á sọ fún yín pé bí ó bá já ewé ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo nínú oko olóko, á wá olóko lọ jẹ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n wàhálà a máa sọ èèyàn di ohun tí kò rò pé òun lè dà. Olúṣínà, ọkọ rẹ̀, ń wa tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bájánà lọ sí òkè Ọya. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bó bá ti páàkì ọkọ̀, á pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Tèmítọ́pẹ́ ńkọ́? Ó dáa. Gbé fóònù fún Ìyá."

"Ìyá ti sùn."

Ìyẹn ni ti ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ń wẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ sí ìpàdé àdúrà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀fun ń dùn ún, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, Ìyá ti gba ààwẹ̀, ó ti lọ kí ará Bùnú kan ní àdúgbò Gánájà, ó sì ti bínú sí Olúṣínà pé kò tètè pe òun lánàá. Ṣé ẹ rí i? Irọ́ náà ti ń di ọ̀jáfáfá.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Ọmọ́wùmí kò mọ ibi tí Ìyá wà. Ó ti sọ ọ́ nù. Ìyá ọkọ tí ọkọ fi lé e lọ́wọ́, ó ti sọ ọ́ nù sínú igbó, kò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè, Olúṣínà sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọmọ́wùmí àti Ìyá wà ní abà tí wọ́n ti ń yan gàrí, Ìyá ń bó ẹ̀gẹ́, òun ń ko iná. Àwọn agbébọn ya wọ ìlú, ìbọn dún lápá ilé-ìwé. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó ń kà á mọ́. Ọmọ́wùmí gbé Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó pọ̀n ọ́n, ó gbá ọwọ́ Ìyá mú, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà odò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé àpáta kan wà níbẹ̀ tí àgbà kò lè gùn bọ̀rọ̀, pàápàá àgbà tó ń tiro. Ìyá ń tiro ní ẹsẹ̀ òsì, láti ìgbà tí igi ti ṣubú lé e nígbà ọmọge rẹ̀.

"Gbé ọmọ lọ," ni Ìyá wí. "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọmọ́wùmí sì já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ewéko nìkan ló rí. Ìgbà tó dé Lọ́kọ́jà, tí àwọn èèyàn ń bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, ó ní, "Èrò ló pín wa níyà." Kò sí èrò kankan lórí àpáta yẹn o. Òun àti Ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè jókòó.

Ọ̀dọ̀ Deborah ló wọ̀ sí, ní àdúgbò Adánkọlọ́ ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé girama ni. Tíṣà ni Deborah, yàrá kan ṣoṣo ló ní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi rédíò da àdúgbò rú, síbẹ̀ ó fi ìdajì ẹní rẹ̀ sílẹ̀ kí Ọmọ́wùmí àti ọmọ rẹ̀ lè rí ibi sùn. Ó ń bọ́ wọn, ó ń wẹ Tèmítọ́pẹ́, kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Sọ fún ọkọ rẹ, Ọmọ́wùmí."

"Ó wà lórí ọ̀nà. Ṣé o fẹ́ kó gbé tírélà wọ inú kòtò ni?"

"Ó ń páàkì kó tó pè ọ́."

"Deborah, jọ̀ọ́."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ ní ogún ọdún, Sọ́ńdè ni."

Ọmọ́wùmí da aṣọ bo orí, ó jáde. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti wà lẹ́sẹ̀. Á gba Adánkọlọ́ dé ọjà, á gba ọjà dé etí odò níbi tí àwọn apẹja Igálà ti ń tú àwọ̀n, á tún gba ibẹ̀ dé gáréèjì. Kò sí èdè tí wọn kò fi dá a lóhùn. Ó bi Nupe, ó bi Ebira, ó bi àwọn Hausa tó ń ti ọmọlanke. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìyá àgbà kan. Ó kúrú, ó dúdú, eyín rẹ̀ ní èjí, ó ń tiro ní ẹsẹ̀ òsì, ó so agolo áṣáà mọ́ ìbàdí." Wọ́n á ní, "Mama, we never see am." Á ní ẹ ṣé, á máa lọ. Bí ó bá jókòó díẹ̀ sábẹ́ igi, ara rẹ̀ á máa yún un, á rò pé bóyá ìṣẹ́jú yìí gan-an ni Ìyá ń kọjá lójú títì kejì, á sì tún fò dìde. Láti ẹsẹ̀ òkè Pátì títí dé Fẹ́lẹ́lẹ́, kò sí òpópónà tí bàtà rẹ̀ kò tẹ̀. Awọ bàtà náà já lọ́jọ́ kẹfà, ó fi okùn so ó.

Ó lọ sí ọgbà ilé-ìwé tí wọ́n kó àwọn tó sá wá láti abúlé sí pẹ̀lú. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì tí wọ́n sá. Èèyàn kún inú kíláàsì bámúbámú, wọ́n sá aṣọ sórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́, ọmọdé ń sunkún, ìyàwó ń pe ọkọ. Obìnrin kan dúró sórí àga, ó ń ka orúkọ àwọn arúgbó tí àwọn ọdẹ rí nínú igbó, tí wọ́n ti gbé lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọn kò ní ẹni.

"Sámúẹ́lì Àjàyí, kò ríran. Ràfátù Jímọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Elisha, kò rántí orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́."

Ọmọ́wùmí na etí títí obìnrin náà fi parí, kò sì gbọ́ Ìyá Olúṣínà. Ó tilẹ̀ ṣàánú ìyá Ìmàle tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú yẹn. Ó ní, "Ọlọ́run á bá a wá ẹni rẹ̀ rí." Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn tó sọnù, ó ní kó kọ Ìyá Olúṣínà sílẹ̀, ó sì ní orúkọ ti òun ni Ọmọ́wùmí Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò bi í ní nǹkan míì. Ó lọ sí ilé ìwòsàn náà, nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó wò ó lókè nílẹ̀, ó ní àwọn kò ní Ìyá Olúṣínà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ìyá jẹ́ fún Ọmọ́wùmí, kí ẹ má baà sọ pé kí ló dé tó ń sáré kiri bẹ́ẹ̀, ṣebí ìyá ọkọ ni. Ọdún méje ni Ọmọ́wùmí fi wà nílé ọkọ láìbímọ. Ẹ mọ ohun tí ẹnu ayé máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan bi Ìyá pé ìgbà wo ni yóò jó ijó ọmọ-ọmọ. Ìyá wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú tó máa ń jókòó sí, ó yíjú padà, ó ní, "Ìyàwó mi ni mo bí. Ṣé o fẹ́ bá mi jó?" Wọ́n kò bi í mọ́. Nígbà tí Tèmítọ́pẹ́ wá dé, Ìyá ló gbé e wẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Irú ẹni tí Ọmọ́wùmí já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpáta nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ó tún padà sí ọgbà ilé-ìwé náà. Ẹlòmíràn ló wà nídìí tábìlì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Ayọ̀dèjì, ará Ìsánlú, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní.

"Òkun o, Ìyá," ló kí i bí àwọn ará Òkun ṣe ń kíra.

"Òkun. Ìyá ọkọ mi ni mò ń wá."

Ayọ̀dèjì ṣí fáìlì. Ó wá orúkọ títí ó fi rí ohun tí wọ́n kọ ní Ọjọ́rú yẹn, ó sì bojú jẹ́.

"Ta ló kọ èyí? 'Ìyá Olúṣínà' kọ́ ni orúkọ. Ìyá Olúṣínà mélòó ló wà ní Kogí? Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"

"Ìyá Olúṣínà ni gbogbo ìlú ń pè é."

"Mo gbọ́. Kí Olúṣínà tó dáyé ńkọ́? Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́."

Ọmọ́wùmí la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó tún là á. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Ìyàwó wo ló ń pe ìyá ọkọ lórúkọ? Ọjọ́ tó wọlé ọkọ, wọ́n ní, "Ìyá rẹ rèé," ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá," ó parí. Àwọn ọmọ ẹbí ọkọ tí òun lè bí, orúkọ ló fún wọn, ó pe ọ̀kan ní Adúmáradán, ó pe èkejì ní Akọ̀wé, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Ẹnu ìyàwó tó bá pe orúkọ ilé ọkọ, ẹnu tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, ọdún mọ́kànlá ni Ọmọ́wùmí ti fi ń bá Ìyá jẹun nínú ìkòkò kan, ó mọ̀ pé kì í jẹ ẹja àrọ̀, ó mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ máa ń sọ fún un kí òjò tó ṣú, ó mọ orin tó máa ń kọ bó bá ń bó ẹ̀gẹ́, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìtìjú bò ó níwájú ọmọ tí òun lè bí.

Ó sáré jáde lọ bá Fàtáì. Ará Òkè-Ìrókò ni Fàtáì, ó ń gun ọ̀kadà lẹ́nu géètì ilé-ìwé náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sá.

"Fàtáì, kí ni orúkọ Ìyá wa?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá Olúṣínà!"

"Ṣebí o ti pè é yẹn. Ìyá Olúṣínà ni. Kí wọ́n tó bí Olúṣínà, èmi náà kò tíì dáyé o."

Àwọn àgbà tó lè mọ̀ ọ́n ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní Kàbà, àwọn kan wà níbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, fóònù tí wọ́n sì ní kò wọlé mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹni yẹn gan-an sì ni Ọmọ́wùmí ti ń sá fún láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rìn padà. Ó yọ fóònù, ó dá a padà sínú àpò. Ọlọ́run mi, ó bẹ̀rù. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ yìí kò ní ṣeé kó padà. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Tèmítọ́pẹ́! Ọ̀sán gangan báyìí? Ṣé kò sí wàhálà?"

"Bàbá Tèmítọ́pẹ́, kí ni orúkọ Ìyá?"

Olúṣínà rẹ́rìn-ín. "Orúkọ Ìyá kẹ̀? Ìyá ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bi í."

"Ìyá kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ó lọ síbo?"

"N kò mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sá ni n kò ti mọ̀." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kò sùn. Kò wẹ̀. Kò gba ààwẹ̀ kankan. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Èrò kọ́ ló pín wa níyà. Èmi ni mo já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

Ọmọ́wùmí ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn Olúṣínà, ó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń fi Hausa pariwo pé kó sún ọkọ̀ rẹ̀ síwájú. Ó ń retí kó bú òun. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù ú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò bú u.

"Ràfátù," ló wá sọ.

"Ẹ ní kí ni?"

"Orúkọ rẹ̀. Ràfátù ni. Jímọ̀ ni bàbá rẹ̀, Àáfà ni. Ìgbà tó fẹ́ bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé o kò mọ̀ ni?"

Ọmọ́wùmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Yéè! Mo gbọ́ ọ! Bàbá Tèmítọ́pẹ́, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ létí mi! Mo tún ṣàdúrà fún un!"

Kò dúró gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ tún fẹ́ sọ. Ó dìde, ó sáré padà sídìí tábìlì, bàtà olókùn náà bọ́ sọ́nà, kò bojú wò ó. Ayọ̀dèjì rí i bó ṣe ń bọ̀, ó ti dìde dúró.

"Ràfátù Jímọ̀!"

Inú fáìlì kan náà ló wà. Ojú ìwé mẹ́ta ló wà láàárín òun àti ibi tí wọ́n kọ "Ìyá Olúṣínà" sí. Ayọ̀dèjì fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń kà á jáde. Ràfátù Jímọ̀. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà tí kò sí ẹni tó wá a wá, wọ́n kó òun àti àwọn arúgbó yòókù lọ sí ilé kan tí ìjọ kan yá wọn, lọ́nà Ọ̀bájánà. Ó wá dúró níbì kan.

"Orúkọ ẹni rẹ̀ tó ń wá: Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Wọ́n pe Ìyá Tèmítọ́pẹ́ nínú ọgbà yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Obìnrin mẹ́ta ló dáhùn, kò sí èyí tó mọ Ràfátù. Níbo lẹ wà?"

Níbo ló wà? Ó wà létí odò. Ó wà ní gáréèjì. Ó wà lójú títì tó ń wá a. Ayọ̀dèjì fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì fún un ní ìwé pélébé kan tí yóò mú dání lọ.

Fàtáì ló fi ọ̀kadà gbé e. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ pé tírélà ló ni ín, àwa yòókù kàn ń tọrọ àyè ni. Eruku sìmẹ́ǹtì bò wọ́n lójú. Ọmọ́wùmí kò dákẹ́ lẹ́yìn Fàtáì. "Sáré díẹ̀ sí i." "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó òkú wa kún àwọn arúgbó ni?" ni Fàtáì dá a lóhùn, síbẹ̀ ó sáré sí i. Ọmọ́wùmí ń rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ tó wú yẹn ti ràn. Bóyá wọ́n ti tún kó wọn lọ síbòmíràn. Bóyá òun yóò dé ibẹ̀ kí wọ́n ní, "Háà, o pẹ́ díẹ̀." Ó di aṣọ Fàtáì mú títí bọ́tìnì kan fi já.

Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Salome ló ń jẹ́, òun ló ń bójú tó ilé náà. Ó gba ìwé Ayọ̀dèjì, ó kà á, ó sì kó ọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Kì í ṣe ìwé la fi ń gba arúgbó níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá, ó ní ìyá òun ni, ó fẹ́ mú un lọ. Ìrẹsì tí wọ́n pín fún un ló ń wá. Màmá náà kò rí i rí láyé."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé, màá nawọ́ sí i fún yín."

"Ẹnikẹ́ni lè na ọwọ́. Ẹ dúró síbí, kí ẹ pè é. Bó bá jẹ́ tiyín, á dá yín lóhùn."

Àwọn ìyá àgbà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, wọ́n tó mẹ́jọ, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà so agolo kan mọ́ ìbàdí. Ọmọ́wùmí rí agolo náà.

"Ìyá!" ló kígbe.

Gbogbo wọn ló dáhùn. Ìyá mẹ́jọ yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ń retí ẹni tirẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ tó ojú mẹ́jọ yẹn. Ìyá tirẹ̀ pàápàá yíjú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ó wo òjìji tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ó ti yíjú bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọjọ́ mọ́kànlá.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Salome wí. "Ẹ pe orúkọ rẹ̀."

Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó dà bíi pé ó fẹ́ ṣí aṣọ lára àgbà. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí," ó sì pè é, ṣùgbọ́n kò jáde ju ètè lọ. Ó gbé ohùn sókè.

"Ràfátù! Ràfátù ọmọ Jímọ̀!"

Ìyá àgbà náà ju ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yìí?" Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Ta ni ń pè mí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ìyá Tèmítọ́pẹ́ ni."

Salome kò dá a dúró mọ́. Ọmọ́wùmí fi orúnkún rìn dé ibẹ̀, kò rántí pé òun ní ẹsẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó wá ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ọmọ wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Deborah. Ó ti jẹun. Ara rẹ̀ le."

"Olúṣínà ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Nígbà yẹn ni Ìyá tó mí kanlẹ̀. Ó yọ áṣáà, ó dà á nù sórí aṣọ. Ọmọ́wùmí gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, mo já ọwọ́ yín sílẹ̀. Lórí àpáta. Èmi ni mo já a."

"Mo mọ̀. Ṣebí ọwọ́ mi ni."

"Ẹ dárí jì mí."

"Kí ni n ó dárí rẹ̀ jì ọ́? Bí o kò bá já a nígbà yẹn, ǹ bá gé ọ jẹ." Ìyá fi eyín eléjí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mo ti la ẹnu sílẹ̀."

Ọmọ́wùmí rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sunkún títí àwọn ìyá yòókù fi ń bá a sun tiwọn. Kò fi ẹkún ọ̀kankan pamọ́ nínú gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá náà. Fàtáì lọ dúró ti ọ̀kadà rẹ̀, ó ń nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Salome gbé ìwé ńlá kan wá, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i. "Màmá, orúkọ ẹni tó wá mú yín?"

"Ìyá Tèmítọ́pẹ́," ni Ìyá wí.

"Orúkọ rẹ̀ gan-an, Màmá."

Ìyá la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó kọjú sí Ọmọ́wùmí. Fún ọdún méje, ó pè é ní Ìyàwó, ó sì pè é ní Ìyá Tèmítọ́pẹ́ fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí ìgbà kan tó ní ìlò fún òmíràn.

"Kí lò ń jẹ́ gan-an?"

"Ọmọ́wùmí ni, Ìyá."

"Ọmọ́wùmí." Ìyá tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ó rántí ọdún méje yẹn, ojú rẹ̀ rọ̀. "Àwọn òbí rẹ rí i kó tó dé. Orúkọ tó dáa ni. Mi ò ní máa pè é o. Ìwọ náà, má jẹ́ kí n tún gbọ́ ohun tó o pè mí lẹ́ẹ̀kan."

"N kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Ìyá."

Ọmọ́wùmí tẹ nọ́ńbà Olúṣínà, ó sì fi fóònù sí Ìyá létí. Ìyá gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń pe "Ìyá, Ìyá" lóhùn tó ti ya, ó jẹ́ kó pè é tó, ó wá bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní kó má sáré lórí ọ̀nà. Ó ní bó bá fọwọ́ kan ìyàwó òun nítorí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà yóò fọwọ́ kàn án.

Ó dá fóònù padà. Ó gbọn eruku ẹ̀wà lára aṣọ rẹ̀, ó di agolo rẹ̀ mọ́ ìbàdí dáadáa, ó kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó dìgbà, Ọlọ́run yóò mú tiyín náà dé. Ó wá na ọwọ́ sókè kí wọ́n fà á dìde.

"Ó yá, Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Ká máa relé."

Ọmọ́wùmí fà á dìde. Wọ́n rìn dé ìdí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ òsì ń tiro bó ṣe máa ń ṣe. Fàtáì ti ṣáná sí i, ó ti gun orí rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ilé wo, Ìyá?"

Ìyá wo Ọmọ́wùmí. Ọmọ́wùmí wo ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Òkè-Ìrókò wà lẹ́yìn àwọn òkè yẹn lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ń dáná níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó sílẹ̀ á ti rà nínú abà. Ní Adánkọlọ́, ẹní kan ṣoṣo ló wà, wọ́n á di mẹ́rin lórí rẹ̀. Kò mọ èyí tí yóò pè ní ilé nínú méjèèjì. Ó gbé Ìyá gun ọ̀kadà, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.